Bàbá Ògúntúndé àti Àpótí Lẹ́tà Ìdí-Igbá

Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ẹni tó sọ fún yín pé àsọdùn ni, kò sí ní Agbowó nígbà yẹn. Bàbá Ògúntúndé dá ìwé kó-jáde padà fún onílé ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fáwọn ọmọ yunifásítì dojú kọ ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá gangan, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló ṣe.

Ọdún 1981 ni. Onílé, Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà, fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa gbé yàrá àti pálọ̀ tí Bàbá wà. Ó ní kí akọ̀wé lọ́yà kan ní Ring Road bá òun kọ ìwé. Ìwé dé, ìlà mẹ́ta péré: kí o kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó pàdé ní kóòtù. Bàbá wọ awò ojú, ó ka ìwé náà, ó yí i padà, ó gbọ̀n ọ́n wò bíi pé nǹkan kan jábọ́ lára ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ló bá ká a, ó di ọ̀pá ẹ̀ mú, ó gun òkè lọ bá onílé.

“Ẹ kú ilé o, Ọ̀gá Akínsànyà. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Mo wá dá a padà ni.”

“Ẹ wá dá a padà bí i ti báwo? Ìwé lọ́yà ni o!”

“Mo rí i. Àmọ́ kò kí èèyàn. Ẹ wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, kò béèrè ara, kò béèrè ọmọ. Nílé wa, a kì í gba irú ẹ̀. Ẹ lọ tún un kọ.”

“Bàbá, mo ní kí ẹ kó jáde!”

“Mo ti gbọ́, sà. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, n ó kó jáde.”

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé mìíì dé. Wọ́n ti kọ “Ẹ kú ilé” sí i lókè báyìí. Bàbá tún gbé e lọ. Ó ní ìkíni ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó kí èèyàn látorí mọ́tò tó ń sáré. Ó ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ ò sì béèrè ẹ̀.” Inú bí Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà débi pé ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ẹ̀kẹta. Ojú ìwé méjì gbáko! Ó béèrè ẹsẹ̀. Ó bá Bàbá kẹ́dùn ìyàwó ẹ̀ tó ti kú, ó rántí ọbẹ̀ tí màmá yẹn máa ń fún àwọn ọmọ òun nígbà tí wọ́n kéré. Ó rántí ọjọ́ tí iná ràn nílé ìdáná, tí Bàbá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ pa á. Nígbà tó máa fi dé ibi “kó jáde”, ìwé ti kún, ó ní láti há a mọ́ igun ìsàlẹ̀.

Bàbá kà á lójúde, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, “Èyí ni lẹ́tà!” Ó sì dá onílé lóhùn lọ́jọ́ náà: ẹsẹ̀ náà ò tíì san, ẹ ṣé tí ẹ béèrè, ọjọ́ tó bá san lòun máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Báwo ni onílé ṣe máa wá lé ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ bá kẹ́dùn ẹsẹ̀ jáde? Ọdún mẹ́fà ni ẹsẹ̀ yẹn ò fi san. Ìgbà tí onílé bá sì ń kọjá nìkan ni Bàbá máa ń tiro.

Ẹ ó ní alágídí ni. Ó dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kọ́ ọ fún yín. Ìdí-Igbá ni wọ́n ń pe abúlé wọn, ó wà lẹ́yìn Ṣakí lọ́hùn-ún. Ilé ibẹ̀ ò ju ọgbọ̀n lọ. Wọn ò ní ọjà, wọn ò ní omi ẹ̀rọ, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń dé ibẹ̀, ìyẹn náà bó bá wù ú ni. Ohun tí wọ́n ní ni lẹ́tà. Àwọn ọkùnrin wọn ń lọ ṣòwò ní Kúmáṣì nígbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Góòlù Kóòsì, lẹ́tà sì ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀.

Ní abúlé mìíì, bí lẹ́tà bá dé, ẹni tó ni ín á wá ẹni tó máa kà á fún un ní kọ̀rọ̀. Ní Ìdí-Igbá, kò sóhun tó ń jẹ́ kọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ Sunday, àwọn onígbàgbọ́ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn mùsùlùmí ti kírun tán, gbogbo abúlé á jókòó sábẹ́ igi igbá, akàwé abúlé á dìde, á ka lẹ́tà náà sókè fún gbogbo èèyàn. Bó bá kà á tán, wọ́n á dá a lẹ́jọ́. Bí lẹ́tà bá dáa, wọ́n á pariwo pé, “Ó wọ àpótí!” Wọ́n á sì gbé e sínú àpótí onígi kan tó jẹ́ ti abúlé, ó di tiwọn nìyẹn, olówó ẹ̀ ò ní mú un lọ ilé. Bí kò bá dáa, wọ́n á ní, “Ẹ dá a padà!” Ì báà jẹ́ Kúmáṣì ló ti wá, ibẹ̀ náà ló máa padà sí.

Ẹ gbọ́ ti Bámidélé. Ó kọ̀wé wálé ní 1948. Ohun tó kọ ò ju “Mo ti gbéyàwó” lọ. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, ọmọ ta ni? Ṣé ó ga? Ṣé ó lè jẹ àmàlà wa? Ó tún un kọ, wọ́n tún dá a padà, wọ́n ní ó ṣàlàyé gíga ẹ̀, kò ṣàlàyé ìwà ẹ̀. Nígbà tó máa fi kọ èyí tó wọ àpótí, ìkéde ìgbéyàwó yẹn ti ní ìsọmọlórúkọ méjì nínú.

Ibi tí Bàbá Ògúntúndé dàgbà sí nìyẹn, òun náà sì di akàwé lẹ́yìn bàbá ẹ̀, Jeremáyà. Nígbà tó wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un? Mẹ́sẹ́ńjà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń gbé ìwé látọ̀dọ̀ ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Kò ka ìwé tó gbé rí, àmọ́ bó bá ti jíṣẹ́ tán, kò ní lọ.

“Ògúntúndé, kí lo ń dúró ṣe?”

“Mò ń dúró kí ẹ kà á tán ni, sà. Nílé wa, ẹni tó bá gbé lẹ́tà wá gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tó gbà á, kó lè ròyìn fún ẹni tó kọ ọ́.”

Á wá padà sí ọ̀fíìsì àkọ́kọ́, á ní, “Wọ́n kà á, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín tó dáa.” Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá fi ń jà lórí ẹni tó máa lò ó. Wọn ò sì gbé e ga kúrò nídìí mẹ́sẹ́ńjà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bó bá jókòó sídìí tábìlì, àwọn ò ní mọ ojú ara àwọn mọ́.

Nígbà tí ìjì wó igi igbá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé sì ti ṣí wá sí Ìbàdàn, wọ́n gbé àpótí náà fún Bàbá pé kó máa tọ́jú ẹ̀. Irínwó lẹ́tà ó lé mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní Agbowó, ó fi káńfọ̀ dá eèrà lẹ́kun. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun máa kọ ìwé kan, Ìtàn Àwọn Akọ̀wé Ìdí-Igbá, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Ó ń fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, èmi ń bá a tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, á ní kí n kà á sókè kí òun gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yunifásítì tó gbé iṣẹ́ wá á dúró, wọ́n á máa gbọ́, wọ́n á gbàgbé iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ bínú, àmọ́ òun náà fẹ́ mọ bọ́rọ̀ Bámidélé ṣe parí.

Bàbá gbé orí méjì àkọ́kọ́ lọ bá Dókítà Ọláídé, ẹni tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀, tó ń gbé Bódìjà. Dókítà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá, ó dùn. Ṣùgbọ́n ìtàn lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ ní òǹkọ̀wé. Ta ni àwọn òǹkọ̀wé yín?”

“Gbogbo wa.”

“Ìwé mélòó ni wọ́n kọ?”

“Kò sí ìwé. Lẹ́tà ni.”

“Ta ló wá kà á?”

“Gbogbo abúlé. Kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ, àtẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ̀yin ńkọ́, sà, ìwé márùn-ún tí ẹ kọ yìí, ta ló kà á ní àdúgbò yìí?”

Dókítà wo ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń wo ilẹ̀. Bí Dókítà ṣe ṣèlérí láti kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìwé Bàbá nìyẹn.

Dókítà rọrùn. Ìyá Bàdírátù ni kò rọrùn. Ọmọ Ìdí-Igbá lòun náà, Àbẹ̀ḿbí lorúkọ ẹ̀, ó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, òun sì ni Ìyá Ẹgbẹ́ fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìdí-Igbá. Ẹgbẹ́ yẹn ló ní àwọn máa gbé ìwé náà jáde. Àmọ́ òfin wọn ni pé, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní rárá, nǹkan náà ò ní jáde. Ìyá Bàdírátù sì ti ní rárá.

Ohun tó fà á ni orí kìíní. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Jeremáyà Ògúntúndé, bàbá òun, ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ní Ìdí-Igbá, ní 1926, sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Lásísì ní Kúmáṣì, pé kó máa bọ̀ nílé. Lásísì yìí ni bàbá Ìyá Bàdírátù, òun ló mú lẹ́tà náà bọ̀ nígbà tó padà wálé, tó fi wọ àpótí. Ìyá Bàdírátù ní irọ́ ni, ìyá òun, Àrìnpé, ló ni lẹ́tà náà. Ó sọ ọ́ lẹ́nu, Jeremáyà kàn bá a kọ ọ́ sílẹ̀ ni, nítorí òun nìkan ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi. Bàbá mọ lẹ́tà náà sórí, á sì máa kà á fún gbogbo ẹni tó bá dúró: “Lásísì, mo kí ọ. Mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Mo kí ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọ, bó bá jẹ́ ọkùnrin. Òrùlé tí o fi sílẹ̀ ti ń jò síbi méjì. Ọmọ tí o fi sínú oyún lọ ti hu eyín méjì, ó sì ti ń fi bu èèyàn jẹ.”

Mo bá Bàbá lọ ra ẹ̀wà lọ́jọ́ kan. Ẹ wá gbọ́ ariwo!

“Bọ̀dá, èmi ni mo ni eyín méjì yẹn!” Ìyá Bàdírátù ti gbé kóńgò sílẹ̀, ó ń na ìka sí ẹnu ara ẹ̀. “Báwo ni bàbá yín ṣe mọ̀ pé mo ń bu èèyàn jẹ? Ṣé òun ni mo bù jẹ ni?”

“Bàbá mi jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí nǹkan.”

“Ẹni tó ń se oúnjẹ ńkọ́? Kí ló kàn án bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin?”

“Ó fẹ́ràn kí nǹkan yéni ni. Àbẹ̀ḿbí, ro ó dáadáa. Ìyàwó wo ló máa pe ọkọ ẹ̀ ní Lásísì lásán ní 1926?”

“Ìyàwó tí inú ń bí!”

Gbogbo ìsọ̀ ẹ̀wà ló pàtẹ́wọ́. Bàbá yí padà ó ń lọ. Ó ti rìn jìnnà kó tó rántí pé a ò tíì ra ẹ̀wà, kò sì lè padà, ó ní kí èmi lọ bá òun rà á. Ìyá Bàdírátù wọn ọ́n fún mi, ó gbé e ga bí òkè, ó tún fi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta lé e. Ó ní, “Sọ fún Bọ̀dá pé ìyá mi ló kí wọn.”

Ẹ má rò pé eré ni fún Bàbá o. Ara ẹ̀ ti ń ṣe é lọ́dún yẹn, 1986. Dókítà ilé ìwòsàn ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ru jù, kó má máa bínú, kó má máa gun òkè. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kí ìwé yẹn jáde kó tó kú, kí orúkọ bàbá ẹ̀ sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Fúnlọ́lá, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi gbé kiri. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ilé wa ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀.” Mo ṣáà ń tẹ̀wé.

Ìpàdé December ni wọ́n ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà, ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Agbowó. Bàbá rò ó pé bí wọ́n bá fojú rí lẹ́tà náà pẹ̀lú ọwọ́ bàbá òun tó gún régé, ọkàn wọn á rọ̀. Ó mú ojúlówó ẹ̀ jáde nínú àpótí, ó wé e sínú áńkáṣífù, ó gbé e fún Yọ̀mí oní-fọ́tòkọ́pì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní kó ṣe ogún. Bàbá ò bá fọ́tòkọ́pì ṣe rí. Lójú ẹ̀, bí èèyàn bá na iwájú ìwé sí ẹ̀rọ, iwájú nìkan ló máa rí, bí ìgbà tí èèyàn bá ya fọ́tò. Yọ̀mí wá jẹ́ ọmọ dáadáa. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé, kò béèrè, ó bá Bàbá ṣe tẹ̀yìntẹ̀yìn. Bàbá gba ogún ìwé náà, ó dúpẹ́, kò yẹ ọ̀kan wò.

Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ pín in fún gbogbo ẹgbẹ́. Èmi tí mo gbé àwọn orí tí mo tẹ̀ wá náà gba ọ̀kan. Bàbá dìde, ó wọ awò ojú, ó kà á bó ṣe máa ń kà á. Ó dé ibi eyín méjì, ó dákẹ́, ó ń retí àtẹ́wọ́.

Ìyá Bàdírátù ò mọ̀wé. Àmọ́ ó ń yí tiẹ̀ síwá sẹ́yìn, bí ẹni ń wá àbàwọ́n lára aṣọ.

“Bọ̀dá, ẹ̀yìn ìwé yìí ò ṣófo.”

Àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀ ti yí tiwọn padà, wọ́n ti rí i. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò la ẹnu. Ní Ìdí-Igbá, akàwé nìkan ló ń ka lẹ́tà. Akàwé ò sì gbọ́dọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan, ì báà jẹ́ èébú sí òun fúnra ẹ̀.

Bàbá wo ìwé ọwọ́ ẹ̀. Ó yí i padà. Mo rò pé ó máa jókòó, tàbí kó ní awò ojú òun ti bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì kà á síta, ó kà á dáadáa ju ti iwájú lọ:

“Jeremáyà tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n ṣe kíá, òun ń lọ sóko. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ báyìí. Máa bọ̀ nílé. Èmi ni, Àrìnpé.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa gbogbo wa! Bàbá arúgbó kan ń fọwọ́ lu tábìlì, ó ń pariwo pé, “Jeremáyà nìyẹn! Ojoojúmọ́ ló ń lọ sóko!” Ìyá Bàdírátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ló ń wò.

Bàbá ká ìwé. Ó ní, “Ogójì ọdún ni mo ti mọ̀. Nígbà tí bàbá mi máa kú, ó ní kí n máa ka ẹ̀yìn náà. Èmi ni mi ò kà á. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi jẹ́ ẹni tó kàn yá èèyàn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá Bàdírátù dìde. Èmi rò pé ó máa bú u.

“Bọ̀dá, ìyá mi bú bàbá yín lójú ẹ̀. Bàbá yín fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ èébú náà sílẹ̀, kò bu ẹyọ kan kúrò, kò fi tiẹ̀ kún un. Nínú gbogbo akọ̀wé Ìbàdàn yìí, ta ló lè ṣe é? Bàbá mi gba lẹ́tà yẹn, oṣù kẹrin ló dé. Aṣọ Kúmáṣì ló kó wá fún ìyá mi. Ó mú fìlà wá fún Jeremáyà, ó ní òun gbọ́ ohùn ìyàwó òun bíi pé ó dúró ti òun. Ẹ kọ àwọn méjèèjì síbẹ̀, jàre.” Ó wá gbé ọwọ́ sókè. “Èmi o, mo ní ó wọ àpótí!”

“Ó wọ àpótí!” Kíláàsì fẹ́ ya. Bàbá jókòó, ó bo ojú, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, òun náà ò sì sọ ọ́. Mo tún orí kìíní tẹ̀ lọ́jọ́ kejì: Àrìnpé ló sọ ọ́, Jeremáyà ló kọ ọ́. Bàbá ní kí n tẹ orúkọ méjèèjì sórí ìlà kan náà, kí ọ̀kan má wà lókè ìkejì.

Ó ku orí kan, orí tó kẹ́yìn, bí lẹ́tà ṣe dáwọ́ dúró ní Ìdí-Igbá. March 1987 ni àìsàn náà gbé Bàbá wọ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ring Road. Ọwọ́ ẹ̀ ò lè di bírò mú mọ́. Onílé ló fi mọ́tò ara ẹ̀ gbé e lọ, òun ló sì ń gbé omi ẹ̀kọ lọ fún un láràárọ̀. Ìwé náà jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igba ẹ̀dà, Dókítà Ọláídé kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ẹ̀. Ó fi odindi ojú ìwé kan kí àwọn òǹkàwé kó tó sọ nǹkan kan. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi níbí, ẹ lè yá a, àmọ́ ẹ ó dá a padà o.

Orí tó kẹ́yìn yẹn, kì í ṣe Bàbá ló kọ ọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Thursday kan pé kí n mú ìwé àti bírò wá. Mo bá Ìyá Bàdírátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn fún un, ó ń bá a jà pé kò jẹun.

Bàbá ní, “Jẹ́ kí ọsàn wà ná. Ìwọ lo máa sọ orí tó kù.”

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò mọ ‘a’ yàtọ̀ sí ọ̀pá?”

“Ìyá ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Ìyá Bàdírátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó jókòó dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti àwọn tí ìjọba Gánà lé bọ̀ ní 1969, bí wọ́n ṣe dé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí ẹni tó yẹ kí wọ́n máa kọ̀wé sí wá di ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun. Ó sọ ti Sunday àkọ́kọ́ tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi, tí akàwé dìde, tí kò sí lẹ́tà kankan lọ́wọ́ ẹ̀, tó dúró fún ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó tún jókòó. Ó ní ẹnikẹ́ni ò dìde lọ ilé. Wọ́n wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n ń bá ara wọn sọ ohun tí wọn ì bá kọ. Mò ń kọ, ọwọ́ ń ro mí, mi ò fẹ́ fo nǹkan kan.

Bàbá ti di ojú. Ìyá Bàdírátù rí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé kí n dákẹ́ kí ẹ sinmi?” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí Bàbá fi lọ, kò sì bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ti ọ̀sán yẹn. Nígbà tí Ìyá Bàdírátù bi í bẹ́ẹ̀, kò lajú. Ó kàn na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Ìyá Bàdírátù lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dì í mú.

“Má sáré, Àbẹ̀ḿbí. Máa sọ ọ́ lọ. Wọ́n ń kọ ọ́.”